Àga Tí Ọwọ́ Kejì Kò Gbọdọ̀ Kàn

Ní agogo méje òwúrọ̀ kọjá díẹ̀, ní ọjọ́ Ajé tí àwọn ọmọ ilé ìwé padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, ni bàbá àgbà mi mú bàbá mi lọ fún Ọ̀gá Bẹnuwá ní Sakété pé kí ó kọ́ ọ níṣẹ́ mẹkáníìkì. Bàbá mi ní òun rántí wákàtí náà nítorí pé aago ilé ìwé ń dún bí wọ́n ṣe ń wọ ọgbà ọ̀gá, òun sì ń rò ó lọ́kàn pé àwọn ẹgbẹ́ òun ti ń tò. N kò lè jẹ́rìí sí i, wọn kò tíì bí mi. Ṣùgbọ́n Làmídì tí òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà sọ fún mi lọ́tọ̀ pé aago ń dún lóòótọ́. Nítorí náà mo gbà á.

Èmi kọ́ ni mo ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí. Ìdòwú, bàbá mi, ni ó ṣe é, títí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tí ó sì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Pobè pa. Nígbà tí mo gba lísáǹsì mi, ìwé ẹ̀rí yunifásítì, tí mo padà wálé láti máa wá iṣẹ́, àbúrò mi bi mí bóyá kí òun máa kàwé lọ tàbí kí òun lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Mo ní kí bàbá wa sọ bí tirẹ̀ ṣe rí fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó sọ ni mo kọ síbí, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí èmi fúnra mi rí. Níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti dá mi lójú, màá sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọṣẹ́ méjì péré ni ọ̀gá gbà lọ́dún náà. Bàbá mi ni ọ̀kan. Làmídì, ọmọ alápatà kan ní Sakété, ni ìkejì. Ìjọ aláṣọ funfun ni àwọn ará ilé bàbá mi ń lọ, bàbá mi kì í sì í sábà rẹ́rìn-ín, nítorí náà Làmídì sọ ọ́ ní Wòlíì láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bàbá mi náà sọ ọ́ ní Ẹlẹ́ran. Orúkọ wọ̀nyí ni wọ́n ń pe ara wọn títí ọ̀rọ̀ fi tán láàárín wọn.

Ọdún àkọ́kọ́, wọn kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Bóòtù, irin tí a fi ń de ẹ̀rọ pọ̀, ni wọ́n ń fi kẹrosíìnì fọ̀. Wọ́n ń tò ó sí ìwọ̀n ìwọ̀n, ọ̀gá á sì ní kí wọ́n di ojú kí wọ́n fi ọwọ́ sọ èyí tó tóbi jù. Ọ̀gá Bẹnuwá kì í na ènìyàn. Ohun tó máa ń ṣe burú jù ẹgba lọ lójú bàbá mi: bí o bá de nǹkan tí kò dára, á tú u palẹ̀, á tò ó sórí àpò níwájú rẹ, á sì wọlé lọ jẹun. Kò ní sọ ohun tó burú níbẹ̀. Ìwọ ni o máa wá a.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, èwo ni kò dáa?" Làmídì bi í lẹ́ẹ̀kan.

"Kí ni orúkọ rẹ?"

"Làmídì ni, ọ̀gá."

"Ó dáa. O mọ ìyẹn. Lọ mọ èyí tó kù."

Bàbá mi ní àwọn méjèèjì fi ìdáhùn yìí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ẹnì kan bá béèrè ibi tí ọṣẹ wà, èkejì á bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀.

Ohun tó mú kí ọgbà Ọ̀gá Bẹnuwá yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù ni iṣẹ́ irú ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan tí àwọn ọmọ ogun Faransé fi sílẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn elépo pupa ní Pobè, ní Sakété àti ní àwọn abúlé bí i Yoko. Ọkọ̀ náà ga, ó ń mu epo gan-an, kò sì yára. Ohun tí àwọn elépo fẹ́ lára rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè yí ohun mìíràn yàtọ̀ sí táyà. Ọ̀pá irin gígùn kan ti inú gíà jáde, ó gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn pátápátá. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, wọ́n á so ẹ̀rọ tí ń gún ẹyìn mọ́ ìdí ọ̀pá náà. Iṣẹ́ tí agbo obìnrin máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọkọ̀ á ṣe é kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ìṣòro rẹ̀ ni gígùn ọ̀pá náà. Irin tó gùn tó bẹ́ẹ̀, bí ó bá ń yí kíákíá tí nǹkan kan kò gbé àárín rẹ̀ ró, á máa tẹ̀ kọrọdọ bí okùn tí àwọn ọmọbìnrin méjì ń fì kí ẹnì kẹta máa fò. Ohun tó ń gbé àárín rẹ̀ ró ni wọ́n ń pè ní àga ní ọgbà ọ̀gá. Àwọn àga onírin tó bá àwọn ọkọ̀ náà wá ti jẹ tán, wọn kò sì rí òmíràn rà ní Kutọnu. Igi ni ọ̀gá fi ń ṣe tirẹ̀.

Igi apá ni. Wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á gbẹ́ ihò ọ̀pá sáàárín rẹ̀, wọ́n á sì sè é nínú epo pupa láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí epo lè wọ̀ ọ́ lára. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi ìdajì méjèèjì gbá ọ̀pá mọ́ra, wọ́n á fi bóòtù dè wọ́n pọ̀, wọ́n á sì fi awọ táyà gbígbó so ó kọ́ irin ìdábùú abẹ́ ọkọ̀, kí ó lè máa mì díẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń mì. Bàbá mi tún èyí sọ fún mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ohun tó gbé ọ̀pá ró kò gbọdọ̀ dì í pa.

Àga tuntun kì í dá dúró lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ọ̀pá bá ti ń yí nínú rẹ̀, igi á gbóná, epo á máa yọ lára rẹ̀, á sì sún kì díẹ̀. Bóòtù tó le lówùúrọ̀ á ti dẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán. Ẹni tó ṣe àga ní láti jókòó tì í ní gbogbo ọjọ́ náà, kí ó máa fi ọwọ́ kàn án, kí ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ó sì máa dè é díẹ̀díẹ̀. Òun nìkan. Ìlànà ọ̀gá ni pé ọwọ́ kejì kò gbọdọ̀ kan bóòtù náà kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó parí. Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ kò burú: bí ọwọ́ líle bá de ti apá kan, tí ọwọ́ fífúyẹ́ sì de ti èkejì, igi á là. Ọ̀gá ní òun ti rí i rí. Ó tún ní bí òun bá fi sípánà kan bóòtù, òun á mọ̀ bóyá ọwọ́ ẹni méjì ló dè é. Èyí tó kẹ́yìn yìí, n kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Bàbá mi gbà á gbọ́, Làmídì náà gbà á gbọ́.

Àga yìí kan náà ni ìdánwò tí ọ̀gá fi ń dá ọmọṣẹ́ sílẹ̀, ohun tí à ń pè ní lìbérasíọ̀n. Nígbà tó kan bàbá mi, oníbàárà tó wà nílẹ̀ ni Ìyá Àgàtà, elépo kan ní Yoko, tí ọ̀pá ọkọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Ọ̀gá ní kí Ìdòwú lọ ṣe é, kí Làmídì tẹ̀lé e kó irin iṣẹ́, òun yóò sì wá wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ. Bí ó bá dára, ó gba òmìnira. Bí ọwọ́ kejì bá kàn án, ọdún kan sí i. Ilé bàbá mi ti gbọ́. Bàbá àgbà mi ti ra ewúrẹ́ sílẹ̀ fún ayẹyẹ.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Yoko, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni méjì, bàbá mi àti Làmídì. Ìyá Àgàtà ti kú, awakọ̀ rẹ̀ ti lọ sí Nàìjíríà tipẹ́, n kò sì rí ẹlòmíràn bi. Ibi tí ẹnu àwọn méjèèjì ti kò ni mo kọ síbí.

Wọ́n fi òkúta dí táyà ọkọ̀ lábẹ́ ọ̀pẹ, wọ́n sì fi okùn so ó mọ́ igi. Bàbá mi de àga náà, ó fi epo pa á, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún ẹyìn. Ó ń lọ dáadáa. Ó ti dè é lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tó gbóná. Ìgbà náà ni oníkẹ̀kẹ́ kan dé láti ọ̀nà Sakété tó ní ọ̀gá ni ó rán òun: alùpùpù ọ̀gá ti kú sójú ọ̀nà, kí Ìdòwú wá wò ó kíákíá.

"Ìdòwú ni ó ní kí ó wá?" Làmídì bi í. "Kò ní kí èmi wá?"

"Ìdòwú ni ó pè."

"Wòlíì, ó dà bí ẹni pé ọ̀gá fẹ́ kí o gbàdúrà fún alùpùpù náà ni."

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀gá bá pè ọ́, o ò ní dúró ro ó. Ó gbé sípánà rẹ̀ lé Làmídì lọ́wọ́ kí ó bá a mú un dání, ó sì sọ gbólóhùn kan tí àwọn méjèèjì rántí bákan náà: "Bá mi jókòó tì í. Má fọwọ́ kàn án."

Ó lọ. Bàbá mi ní kò pẹ́ rárá tí òun fi padà. Làmídì ní ó pẹ́. Èyí ni ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ti yàtọ̀.

Nígbà tí bàbá mi àti ọ̀gá dé Yoko, ẹ́ńjìnnì ti dákẹ́, àwọn obìnrin sì ń ké. Àga ti ṣí. Ọ̀pá ti tẹ̀, ó ti fò jáde, ó sì ti fọ́ ọwọ́ ọ̀tún Làmídì láti ìgúnpá sílẹ̀. Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ kò rí nǹkan kan ṣe sí i ju kí wọ́n gé e lọ.

Ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, bàbá mi bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. "Ẹlẹ́ran, ṣé o ń sùn ni?"

Làmídì yí ojú sí ògiri. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọ̀gá yẹ igi náà wò. Ó ní igi dára, gbígbẹ́ rẹ̀ dára, bóòtù ló dẹ̀. Ó dá bàbá mi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e láìsí ayẹyẹ, kò sì fi àga dán ọmọṣẹ́ kankan wò mọ́. Bàbá mi ní òun gba òmìnira náà nítorí òun kò mọ bí ènìyàn ṣe ń kọ̀ ọ́. Ewúrẹ́ wà lórí ìso títí bàbá àgbà fi tà á.

Ó wá sí Pobè, ó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́nà ọjà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń ṣe, lẹ́yìn náà alùpùpù, nígbà tí àwọn ọlọ́kadà tí à ń pè ní zẹ́mìjáà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Pobè á sọ fún yín pé kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìparí, n kò sì tíì gbọ́ ẹni tó sọ òdì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gba iṣẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́ láé. Àwọn elépo bẹ̀ ẹ́. Ìyá Àgàtà fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, bí ìyá mi ṣe sọ fún mi, ó sì jókòó sórí táyà.

"Ìdòwú, ṣé èmi ni mo ní kí ọwọ́ ọmọ náà gé?"

"Rárá o, Ìyá."

"Kí ni ẹ̀rọ mi ṣe ọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n júwe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fún yín."

"Ìwọ ni o mọ̀ ọ́n ṣe."

"Mo mọ̀ ọ́n ṣe. N kì í ṣe é."

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àga onírin tó ní rúlúmà nínú, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní béárì, bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti Kutọnu. Gírísì ni wọ́n ń fún sínú rẹ̀. Kò sí pé à ń sè é, kò sì sí pé à ń jókòó tì í. Bàbá mi ra ọ̀kan, ó gbé e sórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ìka yí i. Ó sọ fún mi pé òun rò ó nígbà náà pé bí èyí bá ti tètè dé, ọwọ́ Ẹlẹ́ran ìbá wà níbẹ̀. N kò mọ̀. Mo ti rí irú àga onírin bẹ́ẹ̀ tí wọ́n jó mọ́ abẹ́ ọkọ̀ láìsí awọ táyà, tó sì ti là sí méjì. Lónìí, ọ̀rọ̀ náà kò kan ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀rọ tí ń gún ẹyìn ti ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, èyí tí ẹni méjì lè gbé. Àwọn ọkọ̀ ọmọ ogun yẹn, àwọn tí ń ra irin àlòkù ti gé wọn kó lọ.

Nígbà tí bàbá mi sọ ìtàn náà dé orí ìbéèrè tó bi ní ilé ìwòsàn, ó ní òun ti bá ara òun jà lórí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé òun. Bí Làmídì bá sùn lóòótọ́, òun kò jẹ̀bi, ó kàn dun òun ni. Bí kò bá sùn, kí ni ó ń ṣe? Ó ní òun fẹ́ mọ̀ kí òun tó kú, ṣùgbọ́n òun kò lè lọ béèrè. Mo ní èmi lè lọ.

Làmídì ń ta epo bẹntírò inú ìgò, èyí tí à ń pè ní kpayo, lẹ́bàá ọ̀nà ní Sakété. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́.

"Ọmọ Wòlíì," ó ní. "O jọ ọ́. Ìwọ náà kì í rẹ́rìn-ín?"

"Mo máa ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, Bàbá."

"Díẹ̀ náà dáa. Tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀."

Mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó gbọ́ mi tán kí ó tó fèsì.

"N kò sùn. Ta ló lè sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ariwo yẹn? Mo gbọ́ ọ nígbà tí ohùn igi náà yí padà. Mo rí i tí bóòtù ń gbọ̀n. Sípánà wà lọ́wọ́ mi níbí." Ó gbé ìwọ̀nba tó kù lára apá ọ̀tún rẹ̀ sókè díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ kò dè é, Bàbá?"

"Wòlíì ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá ń bọ̀ lọ́nà. Bí ó bá dé tó rí ọwọ́ mi níbẹ̀, ọdún kan nìyẹn lórí ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n ti ra ewúrẹ́ nílé wọn. Ṣé èmi ni màá wá fi sípánà ba ìyẹn jẹ́?"

"Ẹ kò sì lè ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì?"

"Mo sọ fún awakọ̀. Ó ní bí òun bá pa á, kò ní tan mọ́, títì ni wọ́n ń ti ọkọ̀ náà kí ó tó tan, a sì ti so ó mọ́ ọ̀pẹ. Ó bá mi dín in kù. Nígbà tó dín in kù ni ó wá ń mì jù." Ó nu ẹnu ìgò kan. "Mo rò pé Wòlíì á dé kíákíá. Mo mọ alùpùpù ọ̀gá, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ló máa ń dọ̀tí, kò ju kí ènìyàn nù ún lọ. Nítorí náà mo bu epo pupa nínú igbá, mo ń dà á sí igi náà kí ó lè tutù. Dída epo sí i kì í ṣe fífọwọ́ kàn án. Àbí? Ibi tí mo ti ń dà á ni ọ̀pá ti jáde."

Mo bi í ìdí tí kò fi sọ èyí fún bàbá mi láti ọdún yìí wá.

"Ó bi mí bóyá mo ń sùn," ó ní. "Ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀ mọ́, ó sì bi mí bóyá mo ń sùn."

N kò rí ohun tí màá fi jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí igi, kò sí ọkọ̀, kò sí awakọ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé kò bu ẹnu àtẹ́ lu bàbá mi lẹ́ẹ̀kan, kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Mo padà sí Pobè, mo sọ fún bàbá mi bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó ń rán bàtà rẹ̀ kan tó já. Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ń da epo sí i?"

"Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, Bàbá."

"Ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń dà á?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni."

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo kàn bi ọ́ ni."

Ó rán bàtà náà tán, a sì jẹun. Ó wá ní: "Ó dáàbò bò mí. Ọmọ ènìyàn jókòó dáàbò bò mí, mo sì lọ bi í bóyá ó ń sùn." Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wọ aṣọ kí n tó jí. Ó ní kí n fi alùpùpù gbé òun. Kò sọ ibi tí à ń lọ, n kò sì bi í.

Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní òdìkejì ọ̀nà ní Sakété, mo sì dúró ti alùpùpù. Ọkọ̀ ń kọjá, n kò lè gbọ́ wọn. Bàbá mi rìn dé ibẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ẹni tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Làmídì wò ó. Nígbà tó yá, bàbá mi dìde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Ọlọ́kadà kan dúró láti ra epo. Làmídì fi ọwọ́ kan ṣoṣo rẹ̀ gbé ìgò, ó sì na àgbọ̀n sí ibi tí àrọ tí ó fi ń rọ epo wà lórí tábìlì. Bàbá mi mú àrọ náà, ó tì í bọ ẹnu táńkì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú nítorí ó ń gbọ̀n. Làmídì da epo sí i.